Orin Tó Ní Òun Ò Ní Lọ

Àwọn èèyàn kan máa ń sọ fún mi pé orin tí kò bá ti ní ọ̀rọ̀ nínú, ariwo aládùn lásán ni. Mo máa ń wò wọ́n, mi ò sì ní bá wọn jà, nítorí wọn ò gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ifọ̀ rí. Níbẹ̀ ni orin kan tí kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí bàbá mi sì jágbe mọ́ mi pé mo ń rí òun fín. Lọ́dún náà, mo ti tó ẹni tó ń pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n mi ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ohun tó fẹ́. Ọdún yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mi ò sọ ọ́ láti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Bí wọ́n bá dá mi padà síbẹ̀ lónìí, tí wọ́n tún gbé mi jókòó sídìí dùùrù yẹn, ohun tí mo ṣe náà ni màá tún ṣe.

Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn, tó sì ṣókùnkùn, là á já láti ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì Abẹ́òkúta títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ohunkóhun tí o bá sọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, gbogbo ilé lo sọ ọ́ fún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la ti máa ń gbọ́ bùtà Alájì onílé tó ń dún lórí sìmẹ́ǹtì bó ṣe ń ṣe àlùwàlá, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ àwa ọmọdé, lẹ́yìn náà ọmọrogùn tó ń lu etí ìkòkò níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń ro láfún. Bí rélùwéè bá fẹ́ kọjá, àwọn abọ́ orí pẹpẹ á kọ́kọ́ gbọ̀n kí a tó gbọ́ fèrè rẹ̀. Ọmọ Ìkirun ni wá. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ló gbé bàbá mi dé Ifọ̀, ikú ìyá mi ló sì gbé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá bá wa kó lè tọ́ mi. Ìyá Àgbà ò fẹ́ràn láfún. Ó ní ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó ní òun ò mọ ohun tí àwọn Ẹ̀gbá rí nínú rẹ̀, á sì máa sọ bẹ́ẹ̀ lórí abọ́ láfún tó ń jẹ lọ́wọ́ títí abọ́ náà á fi mọ́ fóó. Òun ló máa ń jí mi láràárọ̀. "Àníkẹ́! Ojú ọjọ́ ti là ju ojú tìrẹ lọ." Òun náà ló máa ń dá àwọn tó ń kiri ọjà wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóhùn. Bí alóògùn eku tàbí aláṣọ òkìrìká bá ti yọjú, Ìyá Àgbà á na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, á sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ilẹ̀kùn á sì ti kan fìrámù kí ó tó pe ọ̀rọ̀ náà tán.

Ẹni tó ń gbé yàrá àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún ni Anti Tíṣà. Orúkọ wà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní orin àti Yorùbá títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó wá kó ẹrù rẹ̀ wá sí ilé wa, dùùrù ńlá onígi kan sì wà lára ẹrù náà. Dùùrù ò gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wọlé. Wọ́n gbé e síwá, wọ́n gbé e sẹ́yìn, wọ́n dà á dé ẹ̀gbẹ́ kan, títí Alájì fi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n má bàa wó ògiri òun. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ náà. Alájì kùn fún ìgbà díẹ̀, àfi ìgbà tó rí i pé orí rẹ̀ dára láti gbé bùtà àti tẹ̀sùbáà lé. Eyín la máa ń pe àwọn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára dùùrù náà, torí wọ́n funfun, wọ́n dúdú, àwọn kan sì ti yẹ̀. Eyín kan wà lápá òsì tí kì í dìde bí òjò bá ti rọ̀. Anti Tíṣà á fi èékánná gbé e sókè, á máa bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Èmi ló ń pọn omi fún un, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ mi ní dùùrù. Ọ̀sán la máa ń ṣe é, lẹ́yìn tí Alájì bá ti kírun àìlà tán, kí bàbá mi tó ti ìsọ̀ rẹ̀ dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ló gbé ìwé kan jáde láti inú àpótí rẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n ti jẹ orúkọ ẹni tó kọ orin inú rẹ̀, wọ́n sì ti jẹ gbogbo apá tó tẹ̀lé apá àkọ́kọ́. Ohun tó kù lókè ojú ewé kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Anti Tíṣà kà á fún mi: Sọnátà. Mo bi í pé orin ìsìn ni, àbí orin ijó. Ó ní kò sí èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. "Ẹni méjì ló ń gbé inú ẹ̀," ó wí. "Ẹni àkọ́kọ́ le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣókí ni. Ẹni kejì rọ̀, inú ilé tirẹ̀ tí oòrùn ń wọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á sọ tẹnu wọn, wọ́n á tún un sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á jáde sí gbangba, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà títí. Tí wọ́n bá wá padà wálé, ilé ẹni àkọ́kọ́ làwọn méjèèjì á máa gbé. Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá ẹni kejì yẹn ṣì rọ̀." Mi ò lóye rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lónìí tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò tíì rí ọ̀nà mìíràn tó dára ju ìyẹn lọ láti fi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ tó kọ irú orin bẹ́ẹ̀ kì í pariwo, wọn kì í da nǹkan rú. Ohun gbogbo ló wà létòlétò, bí tábìlì tí wọ́n tẹ́ dáadáa, ìbínú sì wà lórí tábìlì náà nínú abọ́ tó mọ́.

Ohun kan wà tí Anti Tíṣà ò fi ṣeré. Níbi tí ẹni méjèèjì bá ti sọ tẹnu wọn tán, ìlà dúdú kan tó nípọn wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú àmì méjì bí ẹ̀kán omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń wò ọ́ ràn-ìn. Ojú èkúté ni mo sọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí o tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Bí ó bá ti ń rẹ̀ mí, mo máa ń fẹ́ fò ó. Anti Tíṣà á fi bírò gbá mi lọ́wọ́ fẹ́ẹ́. "Kò sẹ́ni tó ń fo ojú èkúté lójú mi. Ohun tí ẹni yẹn fẹ́ kó o sọ lẹ́ẹ̀mejì, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Mo ń padà, mo ń kùn, ìka mi ń dùn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó da ẹ̀wà náà sórí itan, ó gbé ojú sókè. "Níbo ni wọ́n ní kó lọ?" Mo bi í pé ta ni. "Ẹni tó ń sọ pé òun ò ní lọ yẹn," ó wí. "Ó ti ń sọ ọ́ láti àná." Anti Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, kò sọ nǹkan kan o. Òyìnbó ló kọ ọ́, kò gbọ́ Yorùbá." Ìyá Àgbà ní, "Kí ló dé, ṣé òyìnbó ò lè kọ̀ láti lọ ni?" Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ohùn mẹ́rin àkọ́kọ́ orin náà bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ sí i: Mi ò ní lọ. Anti Tíṣà ṣí ẹnu láti jiyàn. Mo rí i tí ó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́ sínú, bó ṣe ń kọ́ wa ní àmì ohùn: re, dò, mí, re. Mi, ò, ní, lọ. Ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má fi ọ̀rọ̀ sí i lọ́kàn rárá, pé bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀, ìka mi á máa lọ́ra. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ o. Etí tó bá ti gbọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé ẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà tún fi rí ọ̀rọ̀ ẹni kejì, ẹni tó rọ̀ yẹn. Ó ní òun náà ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ìwà èkíní, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." A tún kọ ọ́ lẹ́nu, a tún rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní kíá, gbogbo ilé ti gbà á. Ọmọ tí wọ́n bá rán ní iṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́ á máa fi imú kọ ohùn mẹ́rin yẹn lọ sẹ́yìnkùlé, àwọn ìyá wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ń mọ́ tó fi ń jáde, orí oorun ló sì máa ń bá dùùrù bó bá wọlé.

Ìyá Asese wá dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ni Ìyá Àgbà kọ́kọ́ bí. Búkà rẹ̀ wà létí ọ̀nà márosẹ̀ ní Asese, ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà fún àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì, àti èrò tó ń lọ sí àgọ́ ìjọ ńlá tó wà lápá ibẹ̀. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ó láàánú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Òun ló fi ẹ̀yìn pọn bàbá mi. Òun ló mú un lọ síbi tó ti kọ́ṣẹ́ wáyà, òun náà ló dúró tì í lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ̀mù. Bó bá ti wọlé wa, búrẹ́dì gígùn kan àti ẹja díndín á wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ọmọ ilé á sì rí jẹ níbẹ̀. Mo ń bu omi fún wọn lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́. "Àkànní, ọmọbìnrin yìí ti ń dàgbà. Ìyàwó ò sí nílé, Màámi náà ti dàgbà. Bí wọ́n bá ti gba họ́lídè báyìí, èmi ni màá wá mú un. Sùkúù wà ní Asese, kò níí jókòó lásán. Bó bá ti sùkúù dé, á máa dúró tì mí ní búkà." Bàbá mi ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí." Ìyẹn ni gbogbo ìjíròrò tó wáyé lórí ayé tèmi. Omi kún kọ́ọ̀pù náà, ó dà sílẹ̀, wọ́n ní kí n fara balẹ̀.

Kí ẹ tó dá bàbá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé rárá fún ẹni tó jù ú lọ. Bí nǹkan ò bá wù ọ́, wàá ní, "A máa rí i," wàá sì máa gbàdúrà kí ẹni náà gbàgbé. Ìyá Asese kì í gbàgbé. Bàbá mi ò fẹ́ kí n lọ; mo rí i lójú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà bó ṣe fi ẹja sílẹ̀ nínú abọ́ láìjẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ì bá fi kọ̀ fún obìnrin yẹn, wọn ò dá a mọ́ ọn. Mo lọ bá Ìyá Àgbà. Ó fa mí mọ́ra, ó ní, "Ọmọ mi lẹni tó fẹ́ mú ọ, ọmọ mi lẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda rẹ. Kí ni kí n wí?" Mo lọ bá Anti Tíṣà. Ó ṣí dùùrù, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo ti dé Asese rí. Mo mọ̀ pé màá máa sáré gbé abọ́ oúnjẹ lọ sẹ́nu wíńdò ọkọ̀. Mi ò yọ̀lẹ, mi ò sá fún iṣẹ́. Àmọ́ dùùrù ò sí níbẹ̀. Inú bí mi, inú bí mi débi pé oúnjẹ ò wọlé fún mi. Láti ọjọ́ yẹn lọ, mo ń fi ọ̀rọ̀ sí orin náà ní gbogbo ìgbà, ìka mi ò sì lọ́ra rárá.

Òjò ló lé bàbá mi wálé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó wọlé, wáyà kọ́ ọ léjìká, omi ń ro lára rẹ̀, ó sì dúró láti gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ lè ṣe. Mo fi ẹ̀yìn sí i, mi ò rí i. Ó gbọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú rẹ̀ yí padà, pé ó tẹ orí wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò. Ó gbọ́ ẹni kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ara rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ó kúkú ti bẹ̀bẹ̀." Ìgbà yẹn gan-an ni mo dé ojú èkúté, mo sì padà. Mi ò ní lọ! Igbe tí bàbá mi ké, Alájì yọ jáde láti yàrá rẹ̀. "O bẹ̀ mí tán, o tún sọ ọ́! Ẹ̀ẹ̀kan ni, ǹ bá ní etí mi ló gbọ́ òdì. Ẹ̀ẹ̀mejì, Àníkẹ́? Èmi bàbá rẹ?" Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ojú èkúté ni." Ó ní, "Kí ni ojú èkúté?" Anti Tíṣà sáré jáde, ó gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí i pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pé kì í ṣe ọmọ náà ló hùmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi wo ìwé náà tìfura-tìfura. "Ta ló kọ ọ́?" Anti Tíṣà ní, "Ikán ti jẹ orúkọ rẹ̀." Bàbá mi ní, "Mo kúkú mọ̀." Ó pa ìdérí dùùrù náà dé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orin yẹn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí mọ́ títí ẹ̀gbọ́n òun á fi wá mú mi. Kò gbọ́ apá tó kù. Kò mọ̀ pé àwọn ẹni méjì yẹn ṣì ń jáde lọ sí gbangba, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń padà wálé.

Ọjọ́ tí Ìyá Asese wá, oòrùn mú. Ìyá Àgbà ti di ẹrù mi sínú báàgì kan tí síìpù rẹ̀ kò pa dé, ó fi okùn dì í. Ìyá Asese jẹun, ó fọwọ́, ó ní kí a máa lọ kí oòrùn tó wọ̀. Anti Tíṣà kúnlẹ̀ kí i, àgbà tòun ti àgbà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ jẹ́ kó tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó máa lọ." Bàbá mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Anti." Ìyá Asese ló dá a lóhùn. "Jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ jàre, Àkànní. Kí n gbọ́ ohun tí ẹ ń fi pósí onígi yìí ṣe." Bàbá mi wò mí. Ojú yẹn ń sọ fún mi pé kí n tẹ orin ìsìn. Mo jókòó, mo gbé bùtà Alájì sílẹ̀, mo sì tẹ ohun tí mo fẹ́ tẹ̀.

Ìyá Asese àti bàbá mi, etí kan náà ni wọ́n ní. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ò tíì pé tí Ìyá Asese fi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?" Ẹni kejì bẹ̀ ẹ́, ó mi orí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Mo ń sún mọ́ ojú èkúté. Anti Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti bá mi ṣí ìwé, mo gbọ́ tó sọ ọ́ sí mi létí: "Fò ó." Anti Tíṣà tó máa ń fi bírò gbá mi lọ́wọ́! Ẹ̀rù ń bà á nítorí mi. Mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo sì kọ̀. Mo padà. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò dín in kù. Mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà la bọ́ sí gbangba, ibi tí wọn ò dé rí. Ọwọ́ òsì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń sọ mi ò ní lọ lókè, wọ́n ń sọ ọ́ nísàlẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí kò bá a mu rárá, bí ẹni tó ṣìnà tó sì ń lérí pé òun mọ̀nà. Eyín tó máa ń há yẹn ò há. Ìyá Asese jókòó sórí àpótí. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ wá padà wọlé, ọmọrogùn ẹ̀yìnkùlé pàápàá ti dákẹ́.

Ẹni kejì tún dìde láti sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yí padà, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ti kúrò níbẹ̀. Ilé ẹni àkọ́kọ́ ló wà báyìí, ilé tó ṣókùnkùn tó sì le, ó ń sọ ọ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ Anti Tíṣà yé mi, ó yé mi tán. Ẹ má bínú méjì ló wà nílé wa. Ọmọ tó fọ́ abọ́ ń sọ ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n má bàa nà án. Ìyá Àgbà ń sọ èkejì fún alóògùn eku, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Èyí tí mo ń tẹ̀ báyìí, ti ilẹ̀kùn ni. Mo tẹ̀ ẹ́ dé òpin, mo sì gbé ọwọ́ kúrò.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Asese ní, "Dùùrù lo fi sọ ọ́ fún mi yẹn. Ṣé ẹnu rẹ lè sọ ọ́?" Mo dìde, mo wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ dáadáa, orúnkún mi méjèèjì lórí sìmẹ́ǹtì, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Mi ò ní lọ." Mo ń retí ìgbájú. Ọwọ́ bàbá mi wà lókè orí mi, mo rí òjìji rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó bà lé èjìká mi, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá mi, tí kò sọ pé rárá fún obìnrin yẹn rí láyé rẹ̀, ló sọ̀rọ̀ lókè orí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ẹ má bínú."

Kò fi nǹkan kan kún un. Gbogbo wa la mọ èwo ni, nínú méjèèjì. Ìyá Asese dìde lórí àpótí. Ó ní, "Ìwọ náà, Àkànní?" Ó gbé báàgì tirẹ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, kò kí ẹnikẹ́ni. Búrẹ́dì tó mú wá ṣì wà lórí dùùrù. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, ojú rẹ̀ sí títì, ó sì dùn ún, mi ò ní purọ́. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó tún ẹsẹ̀ gbé wọ ilé wa. Nígbà tó wá, ó mú búrẹ́dì wá, ó jókòó, ó ní, "Ọmọ tó kọ̀ mí dà? Kó wá bu omi fún mi." Mo bu omi náà. Kò dà sílẹ̀.

Àwọn àgbà méjì ti lọ nínú wọn, Ìyá Àgbà àti Anti Tíṣà. Bàbá mi ti padà sí Ìkirun, ilé tó kọ́ ló ń gbé. Dùùrù ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló wà ní pálọ̀ mi ní Mowe lónìí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Ìyá Asese náà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó ti pa búkà tì, ó sì ní òun ò lè jìnnà sí Asese, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló yàn. Àkọ́bí rẹ̀ wà ní Kánádà, ó ti ra gbogbo nǹkan sílẹ̀, ó fẹ́ wá mú ìyá rẹ̀ lọ. Ó pè lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ yọ lójú fóònù náà, ó ń ṣàlàyé yàrá tó ti tọ́jú, dókítà tó wà nítòsí, àti bí ara ìyá òun ṣe máa balẹ̀ níbẹ̀. Kò bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ìyá Asese fetí sílẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi sọ tirẹ̀ tán. Ó wá na fóònù náà síhà dùùrù. "Àníkẹ́, tẹ orin tí o fi kọ̀ mí, kó gbọ́."

Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń bèèrè láti Kánádà pé, "Mọ́mì, kí lèyí?" Mo dé ojú èkúté, mo sì fẹ́ fò ó, nítorí àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Ìyá Asese fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀ fẹ́ẹ́.

"Padà," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni, á ní etí òun ló gbọ́ òdì."